Ẹ jẹ́ kí ògùrọ̀ díẹ̀ so

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Òjò ti ń rọ̀, àsìkò sì ti tó tí ìjọba, ilé ìwé àti ẹgbẹ́ ọmọ ìlú máa ń pín ọmọ igi fáwọn èèyàn láti gbìn. Iṣẹ́ rere ni, mo sì kí gbogbo àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Àmọ́ lápá etídò Ìjẹ̀bú wa níhìn-ín, láti Ìwòpin títí dé Òde-Omi àti Mákùn-Omi, igi kan wà tí n kò tíì rí ẹni tó pín ọmọ rẹ̀ rí. Ògùrọ̀ ni, igi tó jọ ọ̀pẹ tó ń hù nínú irà. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe kọ lẹ́tà yìí.

Ẹni tí kò bá gbé ẹ̀bá omi lè wo igbó ògùrọ̀ kó sọ pé irà lásán ni, pé ẹ̀fọn ló kún ibẹ̀. Ṣùgbọ́n kí la ò rí mú nínú irà náà? Ẹmu rẹ̀ là ń gbé síwájú àlejò níbi ìgbéyàwó àti níbi òkú àgbà, òun náà là ń sè di ògógóró. Ewé rẹ̀ tí kò tíì là la ti ń bó ikó. Ikó àti ẹní ni wọ́n fi ń ṣe aṣọ Agẹmọ, ẹni tó bá sì mọ ohun tí Agẹmọ jẹ́ fún Ìjẹ̀bú kò ní fojú kékeré wo ikó. Ọ̀pá ewé rẹ̀ gígùn la fi ń ṣe àjà àti àtẹ̀gùn, ewé la fi ń bo ahéré. Kódà bí igi náà bá ti kú tán, ìtun, ìdin tí à ń jẹ, á wà nínú rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀. Ẹja àrọ̀ ń bímọ nínú omi tó dúró sábẹ́ rẹ̀. Ẹyẹ kan sì wà tó jọ igún, funfun ni, ìyẹ́ apá rẹ̀ dúdú, èso ọ̀pẹ àti ti ògùrọ̀ gan-an ni oúnjẹ rẹ̀. Níbi tí ògùrọ̀ bá ti tán, kí ni yóò wá jẹ níbẹ̀?

Ohun tó ń bà mí lẹ́rù jù rèé. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bí ọ̀pẹ ṣe rí náà ni ògùrọ̀ rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pẹ á so lọ́dún yìí, á so lẹ́yìn ọ̀la, adẹ́mu lè gùn ún fún ọ̀pọ̀ ọdún, igi náà á ṣì wà láàyè. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ògùrọ̀ ń so láyé rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ló fi ń kó agbára jọ, ìgbà tó bá wá fẹ́ yọ òdòdó, gbogbo agbára náà á lọ sórí, á so, èso rẹ̀ á gbó, igi á sì kú. Àsìkò tó fẹ́ yọ òdòdó yìí náà ni adẹ́mu ń wá. Ó gbọ́dọ̀ gé e lórí kó tó so, nítorí agbára tí igi ì bá fi so ló ń ṣàn jáde bí ẹmu. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹmu á dá, igi á kú, kóró kan kò sì ní bọ́ sílẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká rò ó. Bí a bá dá gbogbo ògùrọ̀ tó gbó nínú irà kan lọ́dún yìí, tí a tún dá gbogbo èyí tó gbó lọ́dún tó ń bọ̀, àwọn kékeré tó wà nílẹ̀ ló kù. Tí àwọn náà bá dàgbà, adẹ́mu ń dúró dè wọ́n. Igbó náà á ṣì máa tutù lójú, kò sẹ́ni tó máa fura, títí ọjọ́ tí kò ní sí ọmọ ògùrọ̀ mọ́ nílẹ̀.

Mi ò bá àwọn adẹ́mu jà o. Iṣẹ́ wọn le, owó ilé ìwé ọmọ púpọ̀ sì ti ibẹ̀ wá. Àwọn gan-an ló mọ igbó yìí ju gbogbo wa lọ, ọ̀rọ̀ yìí kò sì lè dùn bí wọn ò bá sí níbẹ̀. Ẹni tó ń da yanrìn sí irà ni ọ̀rọ̀ mi le sí. Adẹ́mu pa igi kan, ẹni tó da yanrìn pa ilẹ̀ tí igi ti ń hù. Irà yìí ló ń gba omi dúró nígbà tí odò bá kún tí omi ń wọ́ lọ sínú ọ̀sà Lẹ́kì. Bí a bá dí i pa, omi kò ní pa dà sí ibi tó ti wá. Ilé wa ni yóò wọ̀.

A ti rí bí wọ́n ṣe ń ba igbó àdáyébá jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú Igbó Omo, ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa níhìn-ín. Láti 1925 ni wọ́n ti sọ ọ́ di igbó ọba, UNESCO sì kà á mọ́ àwọn igbó tó ṣe pàtàkì fún gbogbo ayé ní 1977. Síbẹ̀ wọ́n gé apá kan nínú igbó àdáyébá yìí, wọ́n gbin igi mẹ́línà tó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, pé a óò máa fi ṣe bébà ní Ìwòpin. Ẹ bi ará Ìwòpin léèrè ibi tí bébà náà wà. Erin ṣì wà nínú Igbó Omo, òro tí a ń fi kóró rẹ̀ se ààpọ̀n wà lára ohun tó ń jẹ, òun náà ló sì ń gbé kóró yẹn kiri inú igbó. Mẹ́línà kò lè rọ́pò òro fún un.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn ọba àti baálẹ̀ wa, àti àwọn ẹbí tó ni irà: kí wọ́n bá àwọn adẹ́mu jókòó, kí wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé nínú ògùrọ̀ mẹ́wàá tó bá gbó, méjì kò ní fojú kan ọ̀bẹ. Kí wọ́n fi àmì sí wọn lára kó má di àríyànjiyàn. Kí ìjọba ìbílẹ̀ náà kó kóró tó bá bọ́ lára wọn, kó ṣètò ibi tí a óò ti máa hù ú, nítorí kóró ògùrọ̀ kì í tètè hù, ó ń fẹ́ sùúrù. Kí ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ da yanrìn sí irà sì kọ́kọ́ wá síwájú ìlú, ní gbangba, kí tipa àkọ́kọ́ tó dé.

Bí ìlú kankan ní etídò bá ti bẹ̀rẹ̀ irú àdéhùn yìí, ẹ jọ̀ọ́, kí wọ́n kọ̀wé sí ìwé ìròyìn yín kí àwa tó kù lè mọ bí wọ́n ṣe ṣe é.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín láti etídò Ìjẹ̀bú