Bánkólé, ọ̀gá fẹ́ kó ìbọn lé mi lọ́wọ́

Bánkólé ọmọ ìyá ẹ̀,

Ṣé dáadáa lo wà, òtútù ọ̀hún ńkọ́? Mo rí fọ́tò tó o fi síta, kóòtù òtútù tó o wọ̀ náà tóbi débi pé ìyàwó mi bi mí pé ta nìyẹn. Ǹ bá pè ẹ́ ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí gùn, o sì mọ bí nẹ́tíwọ̀kì Kuje ṣe máa ń ṣe.

O rántí akọ màlúù Gùdálì ńlá yẹn, èyí tó o sọ lórúkọ tíṣà wa? Ó ti lọ o. Ó jábọ́ sínú kòtò tí wọ́n gbẹ́ lẹ́yìn bọrihóò, itan ẹ̀ kán, kò lè dìde, kò sì jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sún mọ́ òun, ìwo ló ń jù sọ́tùn-ún sósì. Mo pe Màálàmù alápatà, ó wò ó, ó ní ta ló máa di ẹsẹ̀ eléyìí, àti pé ẹran tí dókítà ẹran ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gún ní abẹ́rẹ́ oògùn tẹtrasáíklìn, ta ló máa rà á. Ni wọ́n bá lọ pe ọdẹ kan wá pẹ̀lú ṣakabùlà. Ó dúró lọ́ọ̀ọ́kán bí ẹni tó fẹ́ yìnbọn fún ọ̀yà, ó wo àárín ojú méjèèjì, ó yìn ín. Ẹran ò kú o, Bánkólé. Ó ń mí gùùrù-gùùrù, ẹ̀jẹ̀ ń yọ nímú, ó ṣì ń wò wá, ọdẹ sì ń ki ẹ̀tù lẹ́ẹ̀kejì, kò kánjú rárá. Gbogbo àdúgbò ti sá tán, torí látìgbà tí wọ́n ti wá já ọgbà ẹ̀wọ̀n Kuje ní 2022, ìró ìbọn kan péré, ṣọ́ọ̀bù á ti tì. Kó tó yìn ín lẹ́ẹ̀kejì, fíjìlántè ti dé.

Ọ̀gá wa lóko wá ní kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́, ká ra ìbọn tiwa, kí n lọ yan èyí tó dáa, èmi náà ni màá sì máa mú un torí ọkàn mi balẹ̀. Èmi o! Lẹ́yìn ohun tójú wa rí ní Ṣakí. Mo kàn rẹ́rìn-ín ni.

Mo lọ jókòó ti dókítà ẹran. Ó ní àárín ojú méjèèjì tí gbogbo èèyàn ń wò yẹn, ọ̀nà imú nìyẹn, ọpọlọ ò sí níbẹ̀. Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó fa ìlà sórí agbárí màlúù kan lẹ́yìn ọ́fíìsì ẹ̀, ọ̀kan láti igun ojú ọ̀tún lọ sídìí ìwo òsì, èkejì láti igun ojú òsì lọ sídìí ìwo ọ̀tún, ibi tí wọ́n ti pàdé, ó ga ju ibi tí mo rò lọ dáadáa. Ó ní ìbọn .22, ìyẹn èyí tí ọta ẹ̀ kéré, tí wọ́n júwe fún ọ̀gá lè ṣe ewúrẹ́ àti ọmọ màlúù, àmọ́ egungun iwájú orí akọ tó ti gbó nípọn, kò ní ká a. Tó o bá wá mú ìbọn tó lágbára, ọta lè gba orí ẹran kọjá, kó ta lára kọnkéré, kó padà wá bá ẹni tó dúró. Torí náà orí ilẹ̀ rírọ̀ ni, kẹ́nikẹ́ni má dúró lẹ́yìn ẹran, kẹ́nu ìbọn sún mọ́ orí àmọ́ kó má kàn án, tó bá kàn án ọ̀pá ìbọn lè bú mọ́ni lọ́wọ́. Tó bá ṣubú, fọwọ́ kan ẹyinjú ẹ̀, tó bá ṣẹ́jú tàbí tó ṣì ń mí létòlétò, kò tíì kú, ẹsẹ̀ tó ń ta lásán kò já mọ́ nǹkan kan.

Ìyàwó Fẹ́mi bí obìnrin, ẹjọ́ ilẹ̀ Gwagwalada ṣì wà níbi tó o fi í sí, má bi mí.

Èyí tó wá ń gbà mí lóorun, orúkọ tèmi lọ̀gá fẹ́ kó wà nínú láísẹ́ńsì. Òfin ìbọn ti 1959 ṣì ń ṣiṣẹ́, láìsí ìwé ọlọ́pàá ẹ̀wọ̀n ni. Wo èmi ní chẹ́ẹ̀kípọ́ìǹtì sójà ná, ìbọn ń bẹ nínú bọ́ọ̀tù, mò ń ṣàlàyé pé torí màlúù ni. Ìyàwó mi ò tíì gbọ́ sétí o.

Èyí tó o ní ẹ̀ ń lò lóko yín ní Alberta ní Kánádà, captive bolt, òun ni dókítà náà fọwọ́ sí. Irin inú ẹ̀ ló ń ta jáde tó sì ń padà, kò sí ọta tó máa fò lọ bá ọmọ ọlọ́mọ. Òun ni wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ orí gbọn-in kí wọ́n tó yìn ín, ẹran á dákú, wọ́n á sì yára fọ̀bẹ dú u kó tó jí. Ọ̀gá ní nǹkan ìṣeré ọmọdé ni.

Jọ̀ọ́, bá mi pè é lọ́jọ́ Sunday, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, inú ẹ̀ máa ń dùn nígbà yẹn. Fi fídíò èyí tí ẹ̀ ń lò hàn án, sọ iye tó jẹ́ àti pé ojoojúmọ́ tí wọ́n bá lò ó ni wọ́n ń nù ún, kó má lọ ra á kó máa dípẹtà. Tó o bá gbọ́ pé ó tún ń sọ̀rọ̀ .22, bi í léèrè ẹni tó máa gbé e gba iwájú sójà. Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ o, sọ pé ìwọ lo rí ọ̀rọ̀ akọ Gùdálì lórí status mi.

Èmi ni,
Lásún