Ìkéde fún Ẹgbẹ́ Òbí àti Olùkọ́: Ọ̀dọ̀ ta ni ká gbé ọ̀rọ̀ òrùlé lọ?

Ẹ̀yin òbí wa, a kí yín o. Àríyànjiyàn tó bẹ́ sílẹ̀ nípàdé tó kọjá lórí àtúnṣe òrùlé kíláàsì Práímárì 4 kò tíì rọlẹ̀. Àwọn kan ní alága káńsù ni ká lọ bá, àwọn kan ní gómìnà ni.

Àfikún Kẹrin (Fourth Schedule) nínú òfin ìpìlẹ̀ Nàìjíríà ti 1999 ní kí ìjọba ìbílẹ̀ kópa nínú pípèsè àti títọ́jú ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. "Kópa" ni òfin wí o, kò ní kí wọ́n dá a ṣe. Àjọ ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀ ló ń bójú tó ilé ìwé lójoojúmọ́, SUBEB, ìyẹn àjọ ìpínlẹ̀ tó ń rí sí ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀, sì ni ọ̀gá wọn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ti ẹjọ́ síra wọn lọ́rùn! Ní oṣù Keje 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ tààrà sọ́wọ́ wọn. Àwáwí pé owó ò dé ọ̀dọ̀ àwọn, a ò ní tètè gbà á.

Lẹ́tà wa yóò lọ sọ́dọ̀ akọ̀wé ẹ̀kọ́, ìyẹn olórí àjọ ẹ̀kọ́ ìjọba ìbílẹ̀, ẹ̀dà rẹ̀ á dé ọ̀dọ̀ káńsẹ́lọ̀ wa àti SUBEB. Ẹni tó bá ní fọ́tò òrùlé náà, kó fi ránṣẹ́ kí Ọjọ́rú tó pé. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá ọ̀gá ilé ìwé jà. Òun náà ti kọ̀wé tirẹ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́