Ẹ̀sùn lórí ojú ìwé 97 sí 112 tí kò sí nínú ìwé ìtàn ajalèlókun tí mo rà

Àgbádárìgì,
Ìpínlẹ̀ Èkó.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́ Ìwé,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀dà 24 ni mo rà lọ́wọ́ yín nínú ìwé ìtàn àròsọ yín nípa ajalèlókun tí Ọlọ́run yí lọ́kàn padà, fún àwọn ọmọ Ilé-Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wa. Owó àwọn òbí ni mo kó jọ, àwọn míì dá tiwọn lẹ́ẹ̀mẹta kó tó pé. Mo fi 84,000 náírà sí àkáǹtì yín, mo sì lọ gbé ẹrù ní páàkì.

Ìwé yìí dùn, n kò ní purọ́ mọ́ yín. Ọmọ apẹja pọ̀ láàárín wọn, wọn kì í fẹ́ kí a dá a dúró. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá la dé ibi tí ajalèlókun náà ti mòòkùn wọ inú ọkọ̀ rẹ̀ tó rì, tó ń fi ọ̀bẹ ha ìṣáwùrú kúrò lára àpótí ìṣúra. Ó gbá ìdérí mú, ojú ìwé 96 sì parí. Ọmọ tó ń kàwé fi itọ́ kan ìka, ó ṣí ewé, ló bá tún bọ́ sí ojú ìwé 81, níbi tí ìjì ti ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Ó rò pé òun ló ṣí i ṣì. A kó gbogbo ìwé sórí tábìlì: 81 sí 96 wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, 113 ló tẹ̀ lé e. Kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Ní 113 yẹn, ọkùnrin náà ti ń gbàdúrà pẹ̀lú àwọn tó jà lólè. Ọmọ kan bi mí pé, "Àǹtí, ta ló wàásù fún un?" N kò rí èsì fún un. Ìrònúpìwàdà rẹ̀ gan-an lẹ fò.

Ó dùn mí ju owó lọ, torí mo ti sọ ìtàn ọkọ̀ Whydah fún wọn. Orúkọ Ouidah, ní orílẹ̀-èdè Benin lẹ́bàá wa níbí, ni wọ́n fi sọ ọ́. Ọkọ̀ akẹ́rú ni. Samuel Bellamy, ajalèlókun, gbà á ní 1717, kò tó oṣù mẹ́ta tí ìjì fi rì í létí Cape Cod ní Amẹ́ríkà. Ọdún 1984 ni Barry Clifford, ẹni tó máa ń wá ọkọ̀ tó rì, rí i, wọ́n sì gbé agogo tó ní orúkọ ọkọ̀ náà lára jáde. Àwọn ọmọ yìí ti dúró létí òkun ní Gberefu, níbi tí wọ́n ti ń kó ẹrú wọ ọkọ̀ láyé àtijọ́, wọ́n mọ ohun tí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wá gbé. Bí wọ́n bá ń béèrè bóyá irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè rí ìgbàlà, wọn kò fi ṣeré.

Mo pe nọ́ńbà tó wà lẹ́yìn ìwé. Ẹni tó gbé e ní kí n lọ bá atẹ̀wé. Èmi kò mọ atẹ̀wé kankan, ẹ̀yin ni mo sanwó fún.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ẹ̀dà 24 tó pé ránṣẹ́ kí oṣù yìí tó parí, kí owó ọkọ̀ àlọ àtàbọ̀ jẹ́ tiyín. Ṣùgbọ́n kó tó di ọjọ́ Ìsinmi, ẹ ya fọ́tò ojú ìwé 97 sí 112 yẹn sí mi lórí WhatsApp. Rìsíìtì àti fọ́tò ìwé tó bàjẹ́ wà nínú lẹ́tà yìí. Àwọn ọmọ ní àwọn ò ní ka 113 àfi tí 97 bá dé.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùkọ́ àwọn ọmọdé.