Káyọ̀dé, wọ́n tún dá ìwé ẹ̀yìn mi padà

Houston, Texas
Ọjọ́ 9, oṣù Kejì, 2025

Káyọ̀dé ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa ni gbogbo ilé wà? Màmá ńkọ́? Mo rí fọ́tò oko káṣú yẹn, ó dùn mọ́ mi nínú gan-an ni.

Lẹ́tà ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ àwa sójà àtijọ́ ní Amẹ́ríkà dé lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lórí owó ìrànwọ́ tí mo béèrè nítorí ẹ̀yìn tí mo fi ṣèṣe lẹ́nu iṣẹ́ ológun. Remand ni, ìyẹn ni pé wọ́n dá ẹjọ́ náà padà fún àyẹ̀wò sí i. Wọn ò dá mi láre, wọn ò dá mi lẹ́bi. Wọ́n ní ẹ̀rí ò tíì tó. Ọdún kẹta rèé! Inú mọ́tò ni mo jókòó sí níwájú ilé, mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta kí n tó lè wọlé lọ sọ fún Bùnmi.

Dókítà tó yẹ̀ mí wò níjọ́sí kọ ọ́ pé kò sí àkọsílẹ̀ pé ẹ̀yìn dùn mí ní Bagram, ibùdó ológun wa ní Afghanistan, ó parí ẹ̀ síbẹ̀. Ìgbìmọ̀ ní ìyẹn nìkan ò tó: kí wọ́n tún mi yẹ̀ wò, kí wọ́n sì gbọ́ tẹnu ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀. Àkọsílẹ̀ wo gan-an? Alẹ́ tí MRAP wa, ọkọ̀ ogun ńlá yẹn, yí dànù ní 2012, Motrin, oògùn ìrora, ni mẹ́díìkì dà sí mi lọ́wọ́, ó ní kí n mu omi. Ilẹ̀ mọ́, a tún ti wà lójú ọ̀nà.

Ti imú mi, èéfín ìdọ̀tí tí wọ́n ń sun nígbà yẹn, wọ́n ti gbà á. Òfin PACT, ti àwọn sójà tí irú èéfín bẹ́ẹ̀ ṣe léṣe, tí Biden buwọ́ lù ní oṣù Kẹjọ 2022 ló yọ mí.

Ẹ̀yìn yìí ló kù. Láàárọ̀, etí báàfù ni mo máa ń jókòó lé kí n tó lè wọ ìbọ̀sẹ̀. Lánàá, Tọ́lání nawọ́ pé kí n gbé òun, mo ní kó jẹ́ kí n kọ́kọ́ jókòó. Ọmọ ọdún mẹ́ta! Ó kàn ń wò mí.

Káyọ̀dé, ìwọ lo fà mí jáde nínú MRAP yẹn. Jọ̀ọ́, bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Fọ́ọ̀mù 21-10210, fọ́ọ̀mù ẹlẹ́rìí, ni, mo ti fi ránṣẹ́ sí ímeèlì ẹ. Kò gba lọ́yà, kò gba kóòtù. Ohun tójú ẹ rí ni kí o kọ: bí mo ṣe ń rìn lọ́jọ́ kejì, àwọn tó ń bá mi gbé ẹrù. Má fi kún un, má sì yọ níbẹ̀. Òfin wọn ní tí ẹ̀rí tó gbè mí àti èyí tó lòdì sí mi bá ṣe déédéé, èmi ni kí wọ́n dá láre.

Mo mọ̀ pé o ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rán ẹ létí alẹ́ yẹn. Ìdí tí n ò fi bẹ̀ ọ́ láti gbogbo ọdún yìí wá nìyẹn. Tó bá fẹ́ wúwo jù fún ẹ, pè mí kí o tó bẹ̀rẹ̀. Ì báà ṣe òru, màá gbé e.

Bá mi kí Màmá.

Èmi ni,
Wálé