Ìpàtẹ Àwòrán Aṣálẹ̀ àti Òkun ní Swakopmund

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, a kí yín o.

Àwọn ayàwòrán ìlú Swakopmund yìí, ní orílẹ̀-èdè Namibia, ti fi iṣẹ́ wọn kọ́ sára ògiri ilé kọfí tí a ti máa ń ṣèpàdé. A ó jọ lọ wò ó ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dé, ibẹ̀ kì í gba èrò púpọ̀.

Ibi tí aṣálẹ̀ Namib ti pàdé òkun Àtìláńtíìkì ni wọ́n yà. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ti ọkọ̀ ojú omi Eduard Bohlen, tó rì mọ́ iyanrìn etíkun ní 1909. Òkun ti sún jìnnà sí i báyìí, àárín iyanrìn gbígbẹ ló wà. Ẹ sún mọ́ àwòrán náà dáadáa: ayàwòrán po iyanrìn gidi mọ́ ọ̀dà, ó ń dán yinrin lára ìdí ọkọ̀. Welwitschia náà wà níbẹ̀, ewéko tó ń fi ewé méjì péré lo ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún.

Ẹni tó bá fẹ́ rà, kó bá ayàwòrán fúnra rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ná an ní ìnákúnàá, oúnjẹ wọn ni. Kálukú ni yóò san owó kọfí rẹ̀. Ẹ fi orúkọ ránṣẹ́ sí mi kó tó di Ọjọ́bọ̀.

Akọ̀wé ẹgbẹ́