Lórí Mi Ni Kí Ègún Rẹ Wà

Ẹ̀yin ará mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ ìdámẹ́wàá ni mo ti kọ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Mo gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Láti òru Ọjọ́rú ni mo ti ń ka Jẹ́nẹ́sísì orí 27, mo sì kà á débi pé mo ń gbọ́ ohun tí wọn kò sọ níbẹ̀.

A mọ ìtàn náà. Ísọ̀ ni Ísáákì fẹ́ràn, nítorí ẹran ìgbẹ́. Jákọ́bù ni ti Rèbékà. Ojú bàbá ti ṣú, ó ní kí Ísọ̀ lọ pa ẹran wá kí òun lè súre fún un. Rèbékà gbọ́. Ó se ọmọ ewúrẹ́ méjì bí ẹran ìgbẹ́, ó fi awọ wọn bo Jákọ́bù lọ́wọ́ àti lọ́rùn. Ẹ̀rù ba ọmọ pé èpè lòun máa gbà bọ̀. Ìyá ní, "Lórí mi ni kí ègún rẹ wà, ọmọ mi."

Ẹ jẹ́ kí n bi yín. Nínú gbogbo ẹsẹ 46 tó wà ní orí yẹn, mélòó ni Rèbékà ti bá ọkọ rẹ̀ sọ̀rọ̀? Ẹyọ kan, èyí tó gbẹ̀yìn pátápátá. Nínú ìyẹn náà, kò sọ òótọ́ tán: ó ní àwọn ọmọbìnrin Hétì, irú àwọn tí Ísọ̀ fi ṣaya, ló sú òun, kò sọ pé Ísọ̀ ń gbèrò láti pa àbúrò rẹ̀ nítorí ìre tó fi ẹ̀tàn gbà. Bó bá sọ èyí, ó di dandan kó sọ èyí tó ṣáájú. Ọlọ́run ti wí fún un nígbà tó wà nínú oyún pé ẹ̀gbọ́n ni yóò sin àbúrò. A ò kà á níbì kankan pé ó jókòó ti Ísáákì kó ní, "Olúwa mi, báyìí ni Ọlọ́run wí." Bẹ́ẹ̀ àdúrà ọkọ yìí kan náà ni Ọlọ́run gbọ́ tí ó fi lóyún! Ogún ọdún ni wọ́n jọ fi retí ọmọ. Ọmọ dé, wọ́n pín wọn.

Àwa ńkọ́? "Má jẹ́ kí dádì ẹ gbọ́ o." Ìyá wo ni kò tíì sọ ọ́ rí? Ẹ̀ ń fi èsì ìdánwò pamọ́ sábẹ́ ìrọ̀rí. Fóònù tí bàbá gbà lọ́sàn-án, ẹ̀yin lẹ dá a padà lóru, ẹ wá pè é ní àánú. Ẹ̀yin bàbá, ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹni tó jẹ́ pé ìró ọkọ̀ rẹ̀ ní géètì ló ń tú àwọn ọmọ ká ní pálọ̀, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tó sọ ilé rẹ̀ di ibi àfipamọ́. Kí èèyàn gbé ìbínú ibi iṣẹ́ bọ̀, kó wá fi bẹ́líìtì parí ẹ̀ sára ọmọ, ìyẹn kì í ṣe ìbáwí. Ẹ tún ń ní, "Wo ohun tí ọmọ ẹ ṣe." Ọmọ ta? Bó bá gba ipò kìíní, tiyín ni. Bó bá fìdí rẹmi, ó di ti ìyá ẹ̀.

Mo gbọ́ òwe kan tí wọ́n ń lò sódì lọ́sẹ̀ yìí: bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, ká fi tòsì fà á mọ́ra. Wọ́n ní bàbá ni ọ̀tún, ìyá ni òsì. Rárá o! Ọwọ́ méjèèjì ẹnìkan ṣoṣo ni òwe yẹn ń sọ. Ẹni tó nà án gan-an ni kó fà á mọ́ra. Bí ẹnìkan bá ń nà, tí ẹnìkejì ń fà, ọmọ á wá ibòmíràn sùn. Bẹ́ǹṣì ṣọ́ọ̀ṣì le, ẹ̀yin ará, ẹ̀fọn sì pọ̀ níbẹ̀.

Ọjọ́ díẹ̀ ni Rèbékà ní kí Jákọ́bù sá lọ lò lọ́dọ̀ Lábánì, arákùnrin òun. Ó di ogún ọdún. Bíbélì sọ fún wa ìgbà tí Dèbórà, alágbàtọ́ Rèbékà, kú. Ísáákì lo 180 ọdún, àwọn ọmọ méjèèjì ló sin ín. Ṣùgbọ́n a ò kà á mọ́ pé Rèbékà tún fojú kan Jákọ́bù.

Kí n má fi yín ṣẹlẹ́ṣẹ̀ nìkan. Mo ti ṣe Rèbékà rí, tèmi ti irùngbọ̀n mi. Ìyàwó mi ní ọmọ wa obìnrin kò ní lọ sí ìrìn-àjò kan. Èmi ni mo fi owó ọkọ̀ sí i lọ́wọ́ lẹ́yìnkùlé. Ọjọ́ kẹta ló mọ̀. Ó ní, "Ẹ sọ mí di ọ̀tá ọmọ mi." N ò rí èsì fọ̀. Láti ìgbà náà, bí ọ̀kan nínú wa bá ti sọ̀rọ̀ níwájú ọmọ, èkejì á dákẹ́, a ó lọ jà á ní yàrá. A sì máa ń jà á dáadáa.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá bá wí, n kò bínú sí yín. Ẹ wá sílé wa, ṣùgbọ́n ẹ má wá lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ọmọ tó bẹ̀rù kì í ṣe ọmọ burúkú. Mọ́ínmọ́ín á wà, a ó jọ jẹ ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó sọ ohunkóhun.

ÌKÉDE: Ìdánrawò akọrin ti kúrò ní Ọjọ́bọ̀, ó di Jímọ̀, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Owó dísẹ́ẹ̀lì fún jẹnẹrétọ̀ kò tíì pé. Aago mẹ́jọ alẹ́ ni a ó máa ti gbọ̀ngàn báyìí. Bí ọmọ kankan bá kan ìlẹ̀kùn wa lẹ́yìn ìgbà náà, a máa ṣí i. Ẹni tó gbé kúlà aláwọ̀ búlúù lọ lẹ́yìn ìsìn ìdúpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a padà, ọlọ́jà ni wọ́n yá a lọ́wọ́ ẹ̀.