Lẹ́tà sí Sísí Mi Tó Kúnlẹ̀ fún Mi ní Àkókà

Sísí mi,

Mo mọ̀ pé ẹ ṣì ń ka Yorùbá dáadáa, bí ojú ò bá dùn yín. Ìdí tí mi ò fi pè yín nìyẹn. Lórí fóònù, ẹ ò ní jẹ́ kí n sọ ọ́ tán, ẹ ó kàn ní, "Ó ti tó, ṣé o ti jẹun?" Gbangba sì ni mo ti ṣẹ̀ yín. Gbangba náà ni mo fẹ́ ti bẹ̀ yín.

Ọjọ́bọ̀ kan ni, ní 1998. Mi ò tíì pé ọdún méjì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ ní Àkókà. Ẹ wọkọ̀ láti Ìjẹ̀bú, ẹ bọ́ ní Ọjọ́ta, ẹ wọ dáńfó dé Yábàá, ẹ wá ń bi ẹni tẹ́ ẹ bá rí títí ẹ fi dé ẹnu ọ̀nà ẹ̀ka wa, pẹ̀lú àpò gàrí lórí. Èmi àti àwọn ọ̀gá mi méjì ló dúró níta, pẹ̀lú àlejò òyìnbó kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá bi mí pé ta nìyí. Mo fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn pé ará abúlé wa kan ni, ó máa ń gbé gàrí wá tà fún wa.

Sísí, ẹ ka ìwé mẹ́fà. Ẹ gbọ́ ọ.

Ẹ sọ àpò kalẹ̀, ẹ kúnlẹ̀. Ẹ kúnlẹ̀ fún èmi àbúrò yín tí ẹ fi ẹ̀yìn yín pọ̀n. Ẹ ní, "Ẹ káàsán, sà. Gàrí yín rèé." Ẹ dìde, ẹ lọ, ẹ ò dúró gba owó ọkọ̀. Amọ̀ pupa ọ̀nà oko wa ṣì wà létí sálúbàtà yín. Òun ni mo ń wò, torí mi ò lè wojú yín.

Ẹ ò mẹ́nu bà á rí látìgbà náà. Gàrí ò sì dáwọ́ dúró: lóṣooṣù, awakọ̀ á pè mí pé kí n wá gbẹ́rù mi.

Bí wọ́n bá ní kí n dìde níbi ìpàdé kí n sọ bí mo ṣe di onímọ̀ sáyẹ́ǹsì, ewúrẹ́ Ìyá wa ni mo máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ìdajì ìtàn yẹn ni mo máa ń sọ. Mo máa ń sọ pé ewúrẹ́ náà mu omi tí a fún lára ẹ̀gẹ́, pé ó wó lulẹ̀, ó ń japoró, kò sì pẹ́ tó fi kú. Pé ọmọdé ni mí, ọ̀rọ̀ náà sì jẹ́ kàyéfì fún mi. Àwọn ènìyàn á pàtẹ́wọ́. Ohun tí mi ò kì í sọ ni pé Ìyá wa ti ń fẹ̀sùn àjẹ́ kan ìyàwó ilé kejì, gbogbo agbo ilé ti ń gbóná, ẹ̀yin lẹ sọ pé, "Omi ẹ̀gẹ́ ni." Wọ́n ní kí ẹ panu mọ́. Ẹ gbẹ́ kòtò sẹ́yìn ibi tí a ti ń fún ẹ̀gẹ́, ẹ da igi bo ẹnu rẹ̀, ẹ ní kí omi náà máa ṣàn síbẹ̀. Ewúrẹ́ kankan ò tún kú. Ẹ wò ó, ẹ rò ó, ẹ dán an wò, ó sì rí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mò ń gbowó oṣù lé lórí gan-an nìyẹn. Ẹ̀yin ò gba kọ́bọ̀.

Lẹ́yìn náà ni 1979 dé, tí ìjọba Bísí Ọ̀nàbánjọ sọ ilé ẹ̀kọ́ girama dọ̀fẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Ẹ ti jókòó sílé látìgbà tí ẹ parí ìwé mẹ́fà nítorí owó. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni. Àwa méjèèjì ló yẹ kó wọlé. Ìwé dọ̀fẹ́ lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀gẹ́ kì í bẹ ara rẹ̀. Ìyá wa ò sọ pé ta ni kó dúró. Wọ́n kàn ń wo àwa méjèèjì, wọ́n ń fọ ọwọ́ wọn nínú ọpọ́n. Ẹ ní, "Ẹ jẹ́ kó lọ." Ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo sáré lọ wá bàtà.

Ìyókù ò gùn: girama, yunifásítì, ọdún tí ilé ẹ̀kọ́ wà ní títì pa ju ọdún tó wà ní ṣíṣí lọ, yàrá kan ní Bárígà tí òjò ń bá wa gbé inú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ ni bí ẹ̀gẹ́ ṣe tún bá mi dé ibẹ̀. Mo kà nípa Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣúntókun, ọmọ Òkèmẹ̀sí, dókítà iṣan ara àti ọpọlọ ní Ìbàdàn, tó lọ sí Ẹ̀pẹ́ ní àwọn ọdún 1960 nítorí àwọn tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, tí ojú àti etí wọn ń bàjẹ́. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n ń jẹ láàárọ̀ àti lálẹ́. Ó ní sáyánáìdì, májèlé inú ẹ̀gẹ́, lọ́wọ́ sí i. Àwọn kan ṣì ń bá a jiyàn dòní, ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ ò jìnnà sílé wa, àyà mi já. Ọwọ́ yín ni mo kọ́kọ́ rántí.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún yín bí mo ṣe ń ṣàlàyé fáwọn ọmọ kíláàsì mi. Nínú ẹ̀gẹ́ tútù, nǹkan méjì ló wà nínú yàrá ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀: linamarin, tí sáyánáìdì há sínú rẹ̀, àti èròjà kan tó lè tú u palẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ògiri bá wà láàárín wọn, kò séwu. Bí ẹ bá rin ẹ̀gẹ́, ògiri wó, wọ́n pàdé, sáyánáìdì sì jáde. Ìwọ̀n sẹ́ńtígíréèdì 26 péré ló fi ń hó. Ooru Èkó lásán ju bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, omi tí ẹ ń fún á gbé lára rẹ̀ lọ, iná àyangàrí á lé ìyókù. Ọ̀pọ̀ ènìyàn, àti èmi náà tẹ́lẹ̀, rò pé ọjọ́ mẹ́rin tí ẹ fi ń jẹ́ kó kan lábẹ́ òkúta ló ń pa májèlé rẹ̀. Kíkan ló ń jẹ́ kí gàrí Ìjẹ̀bú dùn, ṣùgbọ́n rírin ló ń ṣe iṣẹ́ ńlá. Páànù tí Bàbá fi ìṣó lu ihò sí, tó ń họ àtàǹpàkò yín títí ẹ̀jẹ̀ fi ń dà sínú ẹ̀gẹ́, òun ló ń ṣọ́ wa.

Ọdún tó kọjá, mo ní káwọn ọmọ kíláàsì ra gàrí wá láti ibi tó wù wọ́n. Èmi mú tiyín. A fi omi díẹ̀ àti èròjà tó ń tú linamarin palẹ̀ sí i nínú ìgò, a gbé pépà yẹ́lò tí wọ́n ń pè ní picrate sókè rẹ̀, a dé e pa mọ́jú. Bí sáyánáìdì bá wà, pépà yẹn á máa pọ́n bọ̀ bí ìpẹtà. Òfin oúnjẹ àgbáyé, Codex, ní nínú kílò gàrí kan, kò gbọdọ̀ ju mílígíráàmù 2. Pépà ìgò méjì pọ́n. Mi ò ní dárúkọ ọjà tí wọ́n ti wá. Tiyín yẹ́lò bó ṣe wà lánàá. Ọmọkùnrin kan bi mí pé ilé iṣẹ́ wo ló ṣe èyí. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n mi ni." Ó jọ pé kò yé e. Mo tún un sọ, lédè Gẹ̀ẹ́sì.

Sísí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá sí Èkó. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ wá fi bí a ṣe ń ṣe é han àwọn ọmọ yìí. Bí ẹ bá dé Yábàá, ẹ ní kí wọ́n já yín sí ráńdábáòtù Oníkẹ, níbi ère Ọ̀jọ̀gbọ́n Awójọbí, ẹni tó ṣe mọ́tò tó ń sáré síwájú àti sẹ́yìn bákan náà. (Ẹ ó ní kí ló fẹ́ fi ìyẹn ṣe. Èmi náà bi í lọ́kàn mi rí.) Ẹ má bi ẹnikẹ́ni lọ́nà. Èmi fúnra mi ni mà á dúró dè yín níbẹ̀, èmi ni mà á sì ru àpò náà wọlé.

Bí páànù yẹn bá ṣì wà lájà, ẹ gbé e dání. Ẹ má fọ̀ ọ́.

Àbúrò yín ni.